Àjẹkù Màmá àti Ọbẹ̀ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti gbé inú ilé tí òkú ti ń bá èèyàn jẹun rí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbé. Kì í ṣe pé mò ń rí iwin, kì í sì í ṣe pé orí mi dàrú. Olùkọ́ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù nílé wa ní New Haven, níhìn-ín ní Enugu, tí mo ṣí ìdérí ìkòkò, tí mo mú ìgbákọ lọ́wọ́, ohùn ìyá ọkọ mi ni n ó gbọ́ lẹ́yìn mi kedere: “Ó tó mi, ìyàwó mi. O ṣeun, ọmọ mi.” Ó ti lé ní ọdún méjì tí Màmá ti wà nínú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Màmá nìkan ni, bóyá ǹ bá gbé e mì, kí n máa dá ẹkún rẹ̀ sun. Ẹkún kò lè jí òkú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mò ń ṣe lọ́wọ́ báyìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ohun náà sì lè tún gbẹ̀mí ẹlòmíràn. Òní ni Ọjọ́bọ̀. Bí n kò bá la ẹnu mi kó tó di ọjọ́ Àìkú, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Enugu yìí ni wọ́n bí mi sí. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, òun jókòó síbí. Yorùbá ni à ń sọ nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìgbò àti Pidgin ni a fi ń ṣeré ní àdúgbò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí ìyá mi ń sá aṣọ lórí okùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá òsì kú mọ́ ọn lára. Ojú mi ló ṣe. Kò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi lọ. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún bàbá mi pé epo pupa, iyọ̀ àti ẹran ọlọ́ràá ló fà á. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún gbogbo èèyàn ni, èmi gbé e lé àyà bí òfin. Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ìmọ̀ ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ ni mo yàn láti máa kọ́ àwọn ọmọ. “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run,” bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wí fún wọn ní kíláàsì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín.

Agùnbánirọ̀ ni ọkọ mi nígbà tó kọ́kọ́ dé Enugu. Ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìlá ni wọ́n ti bí i. Ó ríṣẹ́ síbí, ó rí mi, ó sì dúró. Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wá lọ́rẹ, Tóbi, ọkùnrin, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dárà. Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú tó ku Màmá nìkan nílé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà ní ó ń ru, kó máa ṣọ́ ohun tó ń jẹ. Ọkọ mi ní òun kò lè fi ìyá òun sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, nítorí òun náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, ó sì mọ bó ṣe rí. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ohun tó pa ìyá mi kò ní pa ìyá yìí níṣojú mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá.

A lọ pàdé Màmá ní Ninth Mile, níbi tí ọkọ̀ tó gbé e wá ti já a sílẹ̀. Obìnrin gíga, eegun rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Iṣu, ẹ̀gúsí, irú, àkùkọ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa ńlá kan ló kó wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí mo fi gbé kẹ́ẹ̀gì epo náà fún Mama Chidi, aládùúgbò wa tí ògiri wa kan tirẹ̀. Màmá rí mi bí mo ṣe ń gbé e jáde. Ó ní, “Ìyàwó mi, ṣé epo náà ṣẹ̀ ọ́ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣàlàyé, ó sì mi orí. Kò tún bèèrè rẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìfẹ́ ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe. Láàárọ̀, óòtì, ọkà òyìnbó inú agolo, ni mo máa ń pò fún un bí ẹ̀kọ gbígbóná, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e síwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Ta ló ń ṣàìsàn?” Lọ́sàn-án, òkèlè àlìkámà ìwọ̀n ìkúùkù kan àti ẹ̀fọ́ tí mo fi òróró ṣíbí kan sè, láìsí iyọ̀. Lálẹ́, búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ tí mo fi bọ́tà inú ike pa lára, àti omi èso inú páálí, nítorí wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà pé ó dára fún ọkàn. Mo ní iyán ń di ṣúgà nínú ara, nítorí náà kò sí iyán. Mo ní ẹyin ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò sí ẹyin. Ẹran kò ju bí páálí ìṣáná lọ, mo sì máa ń bó awọ adìyẹ dànù kí n tó sè é. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kan tí mo lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìta gbàǹgbà lẹ́yìn ilé la jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí a ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó ní, “Ìyàwó mi, bàbá mi jẹ epo títí eyín kò fi sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ sóko. Epo ni ìyá mi fi tọ́ mi, epo ni mo fi tọ́ Àjàní. Báwo ni ohun tó gbé wa dàgbà ṣe wá di májèlé nígbà tí a dé Enugu?” Àjàní ni oríkì ọkọ mi. Mo dá a lóhùn pé, “Màmá, nígbà yẹn ẹ ń lọ oko, ẹ ń pọn omi, ẹ ń gun òkè, ẹ sì ń làágùn. Orí àga lẹ ń jókòó sí níbí láti àárọ̀ dalẹ́. Epo tí kò ríṣẹ́ ṣe nínú ara, inú iṣan ló ń lọ dì sí.” Màmá rò ó. Ó ní, “Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lọ sóko nílé wa náà ń jẹun.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ó dáa. Ìwọ lo kàwé.” Bí mo bá ń rántí ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo máa ń rí i pé Màmá ní òótọ́ tirẹ̀, èmi náà ní tèmi, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbé gbogbo rẹ̀ dání. Ká ní mo jókòó tì í díẹ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n mo gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé mo ti borí.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ṣìnà, nítorí kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe óòtì. Bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán síwájú Màmá, yóò gbàdúrà, yóò fọ ọwọ́, yóò máa jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ti dé ìdajì, yóò dúró. Yóò tún ìyókù ṣe dáadáa nínú àwo, yóò fi ẹran rẹ̀ lé e lórí láìfọwọ́ kàn án, yóò sì dé e. “Ó tó mi, ìyàwó mi.” Lẹ́yìn náà ni yóò ké sí àwọn ọmọ: “Dárà, Tóbi, ẹ máa bọ̀.” Dárà á dáhùn láti pálọ̀ pé, “Grandma, we don chop.” Tóbi kò tilẹ̀ ní gbọ́, nítorí nǹkan tó fi ń gbọ́ orin ti dí i létí. Màmá á jókòó, á máa wo ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Èmi á wá gbé àwo náà, màá da ìyókù sínú ike ìdọ̀tí. Mo wá rò ó bí olùkọ́ ṣe ń rò ó: ara àgbàlagbà kò nílò oúnjẹ púpọ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ló ju ohun tó gbà lọ. Nítorí náà, mo dín in kù. Màmá tún jẹ ìdajì rẹ̀, ó tún ṣẹ́ ìdajì kù. Mo tún dín in kù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún oṣù méje, èmi ń dín in, òun ń ṣẹ́ ẹ kù. Mo tiẹ̀ ń fi í yangàn níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi pé ìyá ọkọ mi ti ń fúnra rẹ̀ ṣọ́ oúnjẹ jẹ, kò sì fẹ́ràn ẹran mọ́.

Kò bèèrè àfikún rí. Lọ́wọ́ ta ni yóò ti bèèrè? Ìyá ọkọ ni kí ó na àwo sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó tún bù sí i? Ọkọ mi kì í sábà sí nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí Abakaliki láti ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì. Bó bá dé, yóò bèèrè pé, “Màmá, ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?” Màmá á ní, “Ìyàwó mi ń tọ́jú mi.” Ó máa ń sọ ọ́ níṣojú mi, orí mi á sì wú.

Mama Chidi ló kọ́kọ́ rí i. Lọ́jọ́ kan, ó ti Ninth Mile dé, ó ra ọkpa gbígbóná wá fún Màmá, oúnjẹ wọn tí wọ́n ń fi irú ẹ̀wà kan àti epo pupa ṣe, tí wọ́n ń dì bí mọ́ínmọ́ín. Màmá tú u, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ojú ọmọdé. Ó ti bù ú jẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé bá a. Mo rí epo tó pọ́n nínú rẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ní, “Màmá, ẹ rántí ohun tí dókítà wí.” Kò bá mi fà á. Ó fi ìka nu ẹnu rẹ̀, ó sì lá ìka náà. Mama Chidi tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, ó ní, “Mama Tobi, this mama dey dry o. Wetin you dey give am?” Inú bí mi. Mo ní kó jẹ́ kí ẹni tó kọ́ nípa oúnjẹ sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó lé ní oṣù kan tí kò fi yà sílé wa mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, Màmá ṣubú nílé ìwẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ọkọ mi wà nílé, òun ló sì gbé e. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe gbé ìyá rẹ̀ sókè, nítorí ó múra láti gbé ẹrù tó wúwo, ẹrù náà kò sì wúwo. Nílé ìwòsàn, wọ́n bọ́ ìró rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí Màmá láìsí aṣọ púpọ̀ lára, nítorí òtútù. Eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kò ga rárá, ó tiẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tẹ apá rẹ̀ wò, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ó wá yíjú sí wa, ó ní, “Who dey feed this mama?” Ọkọ mi wò mí. Mo ti rò pé tí wọ́n bá bi mí léèrè, n ó fi ìgbéraga sọ pé èmi ni.

Òtútù àyà ló mú un lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ. Dókítà kò sọ pé èmi ni mo pa á. Ohun tó sọ ni pé ara tí kò rí oúnjẹ jẹ kì í lágbára láti bá àìsàn jà. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ náà, mo gún iyán wá fún un, mo se ẹ̀gúsí elépo wá, mo kó ẹyin wá. Kò lè gbé e mì mọ́. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní, “O ṣeun, ìyàwó mi.” Ṣé ẹ rí ọpẹ́ yẹn? Òun ni mò ń gbọ́.

Ìlú wọn la gbé e lọ sin, ibẹ̀ sì ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú àbúrò Màmá, obìnrin tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Iyán náà ga débi pé mo rò pé èèyàn mẹ́ta ni wọ́n bù ú fún. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó tún ìyókù ṣe dáadáa, ó fi ẹran lé e lórí, ó sì ké sí àwọn ọmọ. Kí n tó ṣẹ́jú, ọmọ mẹ́rin ti yí àwo náà ká. Mo bi ìyàwó ilé kan tó jókòó tì mí pé kí ló dé tí ìyá náà kò jẹun tán. Ó wò mí bí àlejò. Ó ní, “Ṣé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti àwọn ọmọ ni ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bù ú kún bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ tán, a ó tún bi Ìyá bóyá kí a bù sí i.” Mo ti gbọ́ òwe yẹn rí nínú ìwé. Mo mọ̀ ọ́n sórí pàápàá. Ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é rí, nítorí ilé bàbá mi ní Enugu kò ní àgbà, ìyá mi kò sì dàgbà dé ibi tí yóò ti máa ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọ-ọmọ. Oṣù méje ni Màmá fi ń fún àwọn ọmọ mi ní ìdajì oúnjẹ rẹ̀, tí èmi ń gbé e dà sínú ìdọ̀tí, tí mo sì ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Nígbà tí a délé, ó ya ìwé ara fíríìjì, ó kó óòtì, bọ́tà inú ike àti gbogbo páálí omi èso dànù. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn kan lórí fóònù tí wọ́n ń wàásù oúnjẹ àwọn baba ńlá wa. Wọ́n ní epo pupa kì í pa èèyàn, ọ̀rá kì í pa èèyàn, ẹyin kì í pa èèyàn. Ṣúgà, búrẹ́dì àti òróró ilé iṣẹ́ ló ń pa wá. N kò ní purọ́ fún yín, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn ló wọ̀ mí létí. Ọkọ mi fi búrẹ́dì sílẹ̀, ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, ó ń rìn láràárọ̀ láti ilé wa lọ dé òpin àdúgbò, ikùn rẹ̀ sì fà. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jọ, ó sọ ọ́ nù. Ó ní baba ńlá òun kò gbé oògùn mì rí.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní àwọn baba ńlá ẹ̀wẹ̀ ń kú ikú òjijì tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní, “Bàbá Tóbi, ẹ jẹ oúnjẹ yín, kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn sílẹ̀.” Ó wò mí, ó ní, “Ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti àìsàn? Ìwọ?” Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èsì wo lẹ fẹ́ kí n fọ̀ sí i? Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ń pọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ó ní òòyì kọ́ òun, mo sì rí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ, pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Gariki, lódìkejì ìlú, lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn olóògùn New Haven mọ ọkọ mi. Mo ra irú oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ gan-an, mo lọ ẹyọ kan kúnná, mo sì rò ó mọ́ ẹ̀fọ́ elépo rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pa á jẹ rí, ẹyọ kan lójúmọ́. Abakaliki kò sí mọ́, wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ padà sí Enugu, nítorí náà ọbẹ̀ mi ló ń jẹ lójoojúmọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe obìnrin tó bá ń po nǹkan sínú oúnjẹ ọkọ rẹ̀. Ẹ kò ní láti sọ ọ́ fún mi. Orí fífọ́ náà lọ. Òòyì náà lọ. Mo dúpẹ́, mo sì ń bẹ̀rù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi lọ sí ilé olóògùn lẹ́bàá ilé wa kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó bá a bó ṣe yẹ kó wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wálé. Ó gbá mi mọ́ra, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí a ti sin Màmá. Ó ní, “Ṣé o rí i? Oúnjẹ àwọn baba wa ni. Ká ní a mọ̀ nígbà ayé Màmá.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo dì í mú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí tí kò sọ fún. Bàbá Olùkọ́, àgbà ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó ń ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn, ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Oríṣi oògùn márùn-ún ni wọ́n ń lò lóòjọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ tì, nítorí ẹ̀rí ọkọ mi. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ ti ní kí ọkọ mi dìde, kó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún gbogbo wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí yóò jókòó síbẹ̀ ló sì ń gbé oògùn mì.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ìyá rẹ̀, ebi ni mo fi pa á nínú ilé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, mò ń po oògùn fún un jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ṣé yóò tún fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo bá sè láéláé? Ṣé yóò tún lo oògùn náà, tàbí ìbínú ni yóò fi sọ ọ́ nù, kó sì ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ta ni yóò gba Bàbá Olùkọ́ là?

Lónìí, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìyàwó Bàbá Olùkọ́ wá sílé wa. Ìyá jẹ́jẹ́ ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó mú ìwé kékeré kan wá, ó ní, “Ìyá Tóbi, bàbá yín ní àfi kí n wá bá yín. Ọwọ́ yín ni wọ́n ní ó gba ọkọ yín là. Ẹ bá mi kọ ọbẹ̀ náà sílẹ̀, gbogbo ohun tí ẹ ń fi sí i, ẹ má fo ọ̀kan. N ó ní kí ọmọ ọmọ mi máa kà á fún mi tí mo bá ń sè é.” Ó gbàdúrà fún mi, ó fi ìwé náà sílẹ̀, ó ní òun yóò padà wá gbà á lọ́la lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ti mú bírò. Mo ti kọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ, epo pupa ìgbákọ kan, irú, ata, ẹja gbígbẹ, ẹran ọlọ́ràá. Àyè ìlà kan ló kù nínú ojú ìwé náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ síbẹ̀?